Láti Àpáàdì Ifẹ̀ dé Ìńtálọ́ọ̀kì: Àlàyé lórí Ilẹ̀ Àgbàlá Títẹ́

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun ò níí lé ilé wó, onílé ni kò níí gbà fún un. Bí òjò bá ń rọ̀ sí àgbàlá tí a kò tẹ́, ẹrọ̀fọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni àgbàrá yóò máa gbẹ́ ìdí ògiri díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onílé fi ń tẹ́ ìńtálọ́ọ̀kì sí àgbàlá wọn lóde òní. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló gbà pé àtọ̀húnrìnwá pátápátá ni iṣẹ́ náà. Èrò wa nínú àlàyé yìí ni láti fi hàn pé ìmọ̀ ilẹ̀ títẹ́ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá, kí a sì ṣe àlàyé bí a ti ń ṣe é.

Ilẹ̀ Alápàáàdì ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú ilẹ̀ tí a fi àpáàdì tẹ́ jáde ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ilé-Ifẹ̀. Frank Willett rí i ní Ìta Yemòó ní ọdún 1957 sí 1958. Peter Garlake náà rí i ní Ilẹ̀ Ọbalárá ní ọdún 1971 sí 1972. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wà ní àwọn ibì kan ní Bìní àti Tógò pẹ̀lú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ifẹ̀ sọ pé Lúwoo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ pé kí a tẹ́ ìlú, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni ọgbọ́n inú iṣẹ́ náà. Wọn kì í tẹ́ àpáàdì sílẹ̀ gbalaja. Etí rẹ̀ ni wọ́n fi ń dúró, tí wọ́n á tò ó ní ìlà ní ìlà bí egungun ẹja. Ní ibòmíràn, wọ́n fi òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín ìlà náà. Àpáàdì tó bá sùn sílẹ̀ yóò fọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n èyí tó dúró ń gbé ara lé ẹnìkejì rẹ̀.

Bí A Ti Ń Tẹ́ Àgbàlá Lónìí

Kí a tó gbẹ́ ohunkóhun, ibi tí omi yóò gbà ni kí a kọ́kọ́ mọ̀. A ó kan èèkàn, a ó na okùn, a ó sì jẹ́ kí ilẹ̀ dà kúrò lára ògiri ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà 1 kọ̀ọ̀kan. Ojú ilẹ̀ tuntun gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ sí ilẹ̀ inú yàrá.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ni yóò máa tẹ ibẹ̀, a ó gbẹ́ ilẹ̀ wọnú tó sẹ̀ǹtímítà 20. A ó kó ilẹ̀ dúdú àti gbòǹgbò kúrò, nítorí gbòǹgbò yóò jẹrà, ilẹ̀ yóò sì rì. Yangí tàbí òkúta wẹ́wẹ́ tó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 10 ni a ó dà sí i, a ó wọ́n omi sí i díẹ̀, a ó sì lù ú mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele. Lẹ́yìn èyí ni a ó mọ etí rẹ̀ yí ká pẹ̀lú kọnkéré, kí òkúta má baà máa sún kúrò. A ó da yanrìn sẹ̀ǹtímítà 4 sí i, a ó fi pátákó gígùn tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́.

Òkúta oníṣẹ̀ǹtímítà 6 tó fún àgbàlá. 8 ni a ń lò níbi tí ọkọ̀ ń gbà, ìpìlẹ̀ rẹ̀ a sì nípọn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títò rẹ̀ bí egungun ẹja ló lágbára jù lábẹ́ táyà, gẹ́lẹ́ bí ti Ifẹ̀. Ní ìparí, a ó lù ú mọ́lẹ̀, a ó sì fi ìgbálẹ̀ gbá yanrìn gbígbẹ sínú àlàfo rẹ̀. Yanrìn yìí ló ń so òkúta pọ̀, tó sì tún ń jẹ́ kí díẹ̀ nínú omi òjò wọlẹ̀. Bí páìpù bá bẹ́ lábẹ́ rẹ̀, a lè hú òkúta díẹ̀, kí a sì dá a padà. Ilẹ̀ kọnkéré kò fàyè gba èyí.

Lílù ìpìlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń fò, nítorí pé ojú kò rí i. Òjò ọdún kejì ló sábà máa ń tú u fó.

Àgbálọgbábọ̀

Nínú èdè wa, ọ̀run àpáàdì ni ibùgbé ẹni burúkú, nítorí pé ohun tó fọ́, tí a dànù, ni àpáàdì. Síbẹ̀, ohun ìdànù yìí kan náà ni àwọn ará Ifẹ̀ sọ di ilẹ̀ ààfin àti ojúbọ. Olùkọ́ tó bá ń kọ́ni ní ilé kíkọ́ láyé àtijọ́ lè jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àpáàdì tẹ́ ilẹ̀ mítà 1 níbùú lóròó nínú ọgbà ilé-ìwé. Púpọ̀ nínú ilẹ̀ alápàáàdì Ifẹ̀ ló wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ènìyàn ń kọ́lé sí. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ to àpáàdì rí yóò dá a mọ̀ bí ọkọ́ bá hú u jáde, kò sì ní kà á sí pàǹtírí.