"Wọ́n ti fọwọ́ sí i": Ọwọ́ ta ni?

Bí wọ́n bá ń ta ilẹ̀ ní Ìlerò, gbólóhùn kan wà tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tà á: "Ẹ fọkàn balẹ̀, wọ́n ti fọwọ́ sí i." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, tí wọ́n kàn fi fọ́tò ìwé ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp, ẹ má tíì sanwó. Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé ọwọ́ ta ni.

"Fọwọ́ sí" ju ìtumọ̀ kan lọ. Tá a bá ní bàbá ti fọwọ́ sí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, kò sí bíró níbẹ̀; ó gbà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ ìwé náà, a máa ń ní ó fọwọ́ sí i, tàbí ó buwọ́ lù ú. Ẹni tí ò mọ̀wé kọ á tẹ̀ka. Òǹtẹ̀ ní tiẹ̀ ni ohun tá à ń tẹ̀ mọ́ ìwé láti fi hàn pé ọ́fíìsì kan ló ti wá.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó buwọ́ lùwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ò sọ pé òun gbà kí wọ́n ta ilẹ̀ o. Ohun tó ń sọ ni pé ìṣojú òun ni wọ́n ṣe é.

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ọwọ́ méjì lẹ máa kọ́kọ́ wò: ti olórí ẹbí àti ti àwọn àgbà tó ṣojú fún ojúlé kọ̀ọ̀kan. Ilé ẹjọ́ ti là á mọ́lẹ̀ lọ́dún 1959 nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Báwọn àgbà bá tà á láì sí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni. Bí olórí ẹbí bá dá a tà, títà náà ṣì dúró, ṣùgbọ́n àwọn yòókù lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì fagi lé e.

Ó ku ọwọ́ ìjọba. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 1978 sọ pé ẹni tó ní ilẹ̀ lábẹ́ àṣà ìbílẹ̀ ò gbọ́dọ̀ tà á láì jẹ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbà á láyè. Fún Ìlerò, ìyẹn ni Kájọlà, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà l'Ókèhò. Tó bá sì jẹ́ ilẹ̀ tó ti ní ìwé ìjọba ìpínlẹ̀, gómìnà ló máa fọwọ́ sí i. Bákan náà, ìjọba ìbílẹ̀ ò lè dá fún èèyàn kan ní ilẹ̀ oko tó ju 500 hẹ́kítà lọ láì gba àṣẹ gómìnà. Òǹtẹ̀ ààfin dáa, àmọ́ kò rọ́pò ìkankan nínú wọn.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni. Lọ́dún 1989, ẹjọ́ ẹni tó fi ilé dúró fún owó tí wọ́n yá ní báńkì Savannah dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ó ní gómìnà ò fọwọ́ sí ìwé náà. Òun fúnra rẹ̀ wà nínú àwọn tó buwọ́ lù ú o! Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ dá a láre, ìwé báńkì sì di òfo.

Nítorí náà, kówó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ jẹ́ kí lọ́yà yín ka orúkọ tó wà lábẹ́ ìwé náà níkọ̀ọ̀kan: ta ni, ipò wo ló wà, ṣé ó gbà ni àbí ẹlẹ́rìí ni? Kẹ́ ẹ sì wọkọ̀ lọ s'Ílerò, kẹ́ ẹ bá ẹbí sọ̀rọ̀ lójúkojú.