Linux kékeré: ohun tó ń mú kí òmíràn gbó, kí òmíràn má sì gbó

Láti ìgbà tí Microsoft ti jáwọ́ lára Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ìmọ̀ràn kan náà ni àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn kò kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11 ń gbọ́ kiri: ẹ lọ fi Linux tó fúyẹ́ sí i. Ìmọ̀ràn náà dára, nítorí kọ̀ǹpútà tí kò ní ẹ̀rọ ààbò TPM 2.0 tí Windows 11 ń béèrè ṣì lè ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé kíkéré nìkan kò tó. Linux lè kéré lónìí, kó sì di ògbólógbòó eléwu kí ọdún mélòó kan tó kọjá. Bí wọ́n ṣe pín in sí wẹ́wẹ́ ló ń pinnu èyí, ju iye ohun tí wọ́n yọ kúrò nínú rẹ̀ lọ.

Ẹ wo Damn Small Linux (DSL). John Andrews tó dá a sílẹ̀ pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ kọjá mẹ́gábáìtì 50, kí ó lè gba orí CD kékeré tí kò ju káàdì ìpolówó lọ. Àṣẹ yẹn ló sọ ọ́ di olókìkí, òun náà ló sì so ó mọ́lẹ̀. Kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ti ẹ̀dà 2.6 jáde ní ìparí 2003, àmọ́ nígbà tí DSL 4.4.10 fi jáde ní 2008, kernel 2.4 ló ṣì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ìdì àfikún tí wọ́n ń pè ní MyDSL, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ fúnra rẹ̀ wà ní dídì gbọin: bí ohun kan bá fẹ́ tóbi níbẹ̀, òmíràn gbọ́dọ̀ kúrò. Nígbà tí Andrews tún gbé e jáde ní 2024, orí antiX, Linux mìíràn tó fúyẹ́, ló kọ́ ọ lé, ààlà ìtóbi rẹ̀ sì ti di mẹ́gábáìtì 700.

Robert Shingledecker, tó ti bá Andrews ṣiṣẹ́ lórí DSL, gba ọ̀nà mìíràn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ Tiny Core Linux ní nǹkan bí ìparí 2008. Ó yẹ ká dúró pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ lẹ́wà. Fáìlì méjì péré ni ìpìlẹ̀ Tiny Core: kernel, àti fáìlì kan tí wọ́n fún pọ̀, core.gz. Tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà, core.gz á tú sínú RAM, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa ṣiṣẹ́. Àwọn àṣẹ bíi ls, cp àti mount wà nínú BusyBox, ètò kan ṣoṣo tó ń jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ. Kódà ẹ̀dà tó ní àwòrán ojú kọ̀ǹpútà kò tó mẹ́gábáìtì 30. Ohun gbogbo yòókù, ì báà ṣe bùráúsà tàbí ètò ìtẹ̀wé, wà nínú ìdì tirẹ̀, fáìlì kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí .tcz. Tiny Core kì í tú ìdì yìí sórí dísíìkì bí ọ̀pọ̀ Linux ti ń ṣe. Ó kàn ń ṣí i fún kíkà nìkan, á wá fi atọ́ka sí àyè tó yẹ nínú RAM kí àwọn ètò lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹní tí a tẹ́ sí yàrá ni: bí a bá ká a, ilẹ̀ yàrá wà bó ṣe wà. Bí àtúnṣe bá dé fún ìdì kan, fáìlì kan la ó pààrọ̀; bí a bá tún kọ̀ǹpútà tàn, ẹ̀dà tuntun la ó bá, láìsí àjẹkù ti àtijọ́. Bí àtúnṣe náà bá sì ba nǹkan jẹ́, a ó dá fáìlì àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀.

Ẹni tó mọ Linux dunjú lè ní pípín báyìí ní ìyà tirẹ̀, òótọ́ sì ni. Ọ̀pọ̀ ìdì ló ń jọ lo fáìlì kan náà, torí náà ìdì kọ̀ọ̀kan ní láti ní àkọsílẹ̀ àwọn tó gbára lé. Ìdì tó bá fara ti kernel gbọ́dọ̀ bá kernel yípadà. Ṣùgbọ́n kò sí Linux tí ìyà yìí kò sí nínú rẹ̀. Pípín kàn jẹ́ kó hàn síta ni. Alpine Linux náà ń ya ìwé ìtọ́sọ́nà àti fáìlì àwọn akọ̀wé-ètò sọ́tọ̀ kúrò lára ètò gan-an. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún container (àpótí tí a ń ti ètò kan ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀) kò ju nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 8 lọ, síbẹ̀ ẹ̀dà tuntun ń jáde ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ohun tó fi san án ni pé musl ló ń lò dípò glibc, àkójọ fáìlì ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ Linux ń lò, àwọn ètò kan tí wọ́n kọ́ fún glibc kì í sì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé ohun tó tuntun jù ló láàbò jù. Ní oṣù Kẹta 2024, Andres Freund rí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnì kan dọ́gbọ́n fi sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1 ti xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀. Àwọn Linux tó ń sáré gba ẹ̀dà tuntun ló gbà á wọlé. Debian stable, tí kì í sáré gba ẹ̀dà tuntun, kò tíì gbà á. Ohun tí mo rí kọ́ jù níbẹ̀ ni ọ̀nà tó gbà wọlé. OpenSSH, ètò ìwọlé láti òkèèrè tí ilẹ̀kùn náà dojú kọ, fúnra rẹ̀ kò nílò liblzma, apá xz tí wọ́n fi ilẹ̀kùn náà sí, rárá. Àwọn Linux kan ló so ó mọ́ libsystemd, libsystemd ló sì fa liblzma wọlé. Ní Alpine, kò sí ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé àyè dísíìkì kò wọ́n mọ́, kí la fẹ́ fi kíkéré ṣe? Ní Nàìjíríà, níbi tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ìbánisọ̀rọ̀, ti fọwọ́ sí àfikún owó ìpè àti dátà tó lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kìíní 2025, owó dátà ni gbogbo àtúnṣe ń jẹ. Àtakò tó wọ̀ mí lára jù ni ti bùráúsà. Òun nìkan tóbi ju gbogbo ìpìlẹ̀ Tiny Core lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, òun sì ni ewu sábà máa ń gbà wọlé. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni díẹ̀ ló ń di àwọn ìdì wọ̀nyí, mi ò sì ní fẹ́ fi ọ̀rọ̀ báńkì lé irú ọwọ́ tó kéré bẹ́ẹ̀ lórí. Lójú tèmi, ó jọ pé iṣẹ́ kan pàtó tí kì í yí padà ló yẹ Tiny Core. Fún kọ̀ǹpútà ojoojúmọ́, màá yan antiX, tí àtúnṣe rẹ̀ ń ti ọ̀dọ̀ Debian wá. Síbẹ̀, Debian 13 tó jáde ní oṣù Kẹjọ 2025 kò ní kernel fún kọ̀ǹpútà 32-bit irú i386 mọ́. Kí ẹni tó ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń kọ́ kernel 32-bit fún Linux tó fẹ́ fi sí i, kó tó wo iye mẹ́gábáìtì rẹ̀.