Ẹ̀rù Tí Ń Gbé Inú Ẹni

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀rù ejò dára, nítorí pé ó ń mú ẹsẹ̀ sáré. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù mìíràn wà tí ojú kò rí. Inú ni ó ń gbé. Ẹni tí ó mọ àlọ́ pa yóò jókòó jẹ́ẹ́ láàárín èrò. Olóhùn iyọ̀ yóò máa dá orin rẹ̀ kọ nínú oko. Kí ni wọ́n ń bẹ̀rù? Ẹ̀rín ènìyàn ni. Ìtìjú ni a máa ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ni.

Ẹ gbọ́ nípa Amos Tutuola. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí i sí ní 1920. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí bàbá kú ní 1939, ilé-ìwé tán, ó sì lọ kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní Èkó. Bí wọn kò bá rán an níṣẹ́, a máa kọ ìtàn sílẹ̀, irú èyí tí àwọn àgbà ń sọ lálẹ́, ìtàn iwin àti igbó. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì gún régé.

Ní 1952, ilé-iṣẹ́ Faber and Faber ní London tẹ ìwé rẹ̀, The Palm-Wine Drinkard. Ó jẹ́ ìtàn ọ̀mu kan tí ó wá ẹni tí ń dá ẹmu fún un lọ sí ìlú àwọn òkú. Àwọn òyìnbó yìn ín. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilé bú u, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú ti àwọn. Ẹ̀rín tí à ń bẹ̀rù dé bá a ní gbangba.

Kí ni ó ṣe? Ó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, bí irú tiyín yìí, láti tún èdè rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n kò dúró kí ó mọ̀ ọ́n tán. Ìwé rẹ̀ kejì jáde ní 1954, òmíràn sì tẹ̀ lé e. Ní tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ̀yin ará Kambolé, ẹ pa àlọ́ kan fún ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ pa á fún ẹni mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé yín, bí àṣìkọ tilẹ̀ kún inú rẹ̀. Àyà yín yóò ṣì máa já. Ẹ jẹ́ kí ó máa já, kí ọwọ́ sì máa kọ.

Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé ìtàn ọ̀mu náà sórí ìtàgé ní èdè Yorùbá. Ó sì ti wà ní Faransé láti 1953, L'Ivrogne dans la brousse. Àwọn ọmọ yín tí ń kàwé ní Tchamba àti Sokodé lè kà á fún yín.