Fóònù Wà Lọ́wọ́ Fóòmànì, Àkọsílẹ̀ Ńkọ́?

Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 wó ní òpópónà Gerrard, Ìkòyí, ó sì pa èèyàn tó lé ní 40. Wọn ò tíì palẹ̀ àwókù mọ́ tí ọ̀gá àgbà LASBCA, àjọ tó ń bójú tó ilé kíkọ́ l'Ékòó, fi sọ pé àjà 15 ni ìjọba fọwọ́ sí. Igbákejì gómìnà ní rárá o, 21 ni. Ìjọba kan náà, ilé kan náà!

Àjọ mìíràn, LASPPPA, ló ń fún onílé ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ó sì ti ń gba ìwé ìbéèrè lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. LASBCA ló yẹ kó máa wá wo iṣẹ́ láti ìpìlẹ̀ dé dẹ́kìn.

Ní ti àkọsílẹ̀ iṣẹ́, ní Britain, láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni ìjọba ti ní kí àwọn agbaṣẹ́ṣe rẹ̀ máa lo BIM, àwòrán orí kọ̀ǹpútà tí ayàwòrán-ilé àti ẹnjiníà jọ ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ní ọ̀pọ̀ sáìtì Ìkẹjà àti Agége, WhatsApp ni BIM wa. Fóòmànì á na téèpù lé irin dẹ́kìn kí àlàfo àárín wọn lè hàn, á yà á, á fi ránṣẹ́ sí ẹnjiníà tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ká mọ́ Ìkẹjà Along: "Ẹ bá mi wò ó, sà." Ẹnjiníà á ní kí wọ́n ki irin méjì sí i bọ̀ ọ́. Mi ò ní fi ìyẹn ṣẹ̀sín; ó ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí wọ́n bá jí fóònù yẹn, ẹ̀rí ti lọ nìyẹn.

Nítorí náà, tó bá di ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé, mi ò ka iye dúróònù tó ń fò lórí sáìtì sí nǹkan kan. Ohun tí màá béèrè ni pé púláànì ti ìgbà wo ni bíríkìlà ń tẹ̀ lé lónìí, àti pé níbo ni èsì àyẹ̀wò kọnkéré wà? Inú àpótí irin kékeré ni wọ́n ń bu kọnkéré sí títí á fi gan, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ fọ́ ọ ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 28. Níbi tí onílé bá ti ń kánjú, kí ọjọ́ 28 tó pé, àjà mìíràn ti gun orí èyí tí wọ́n fi kọnkéré náà dà. Èsì ọjọ́ 7 tó bá dé orí fóònù ẹnjiníà àti ti òṣìṣẹ́ LASBCA lẹ́ẹ̀kan náà lè dá iṣẹ́ dúró. Èyí tó wà nínú fáìlì lórí pẹpẹ kò lè dá ẹnikẹ́ni dúró.