Ta Ni Àgbà Ní Navy Town?

Nínú ọgbà àwọn ọmọ ogun ojú omi ní Navy Town, l'Ọ̀jọ́, l'Ékòó, ipò ni àgbà. Ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọ̀físà lè má ju ọmọ ọdún 25 lọ, síbẹ̀ ológun tó ti lé lẹ́ni ọdún 45, tí ipò rẹ̀ kéré, ni yóò kọ́kọ́ kí i, yóò sì pè é ní "sà". Kí àwọn méjèèjì bọ́ yúnífọ́ọ̀mù sílẹ̀ kí wọ́n wọ dánfó l'Okokomáíkò, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn. "Dádì" ni kọ̀ndọ́ yóò pe ẹni ọdún 45. Ọ̀físà ńkọ́? "Bọ̀dá" lásán.

Ọ̀pọ̀ Yorùbá gbà pé ọjọ́ orí nìkan là ń bọ̀wọ̀ fún. Kò rí bẹ́ẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí, onímọ̀ nípa àwùjọ, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ The Invention of Women, tó jáde lọ́dún 1997, pé nínú agbo ilé Yorùbá, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni àgbà. Ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Orúkọ àpọ́nlé bí Akọ̀wé tàbí Ìbàdíàrán ló ń fún un. (Ọ̀pọ̀ ìyàwó ìwòyí ti pa á tì, inú àwọn ìyá ọkọ kan kò sì dùn sí i.)

Ilẹ̀ òkèèrè ńkọ́? Ní Gúúsù Kòríà, ọdún kan ṣoṣo tó láti sọni di ẹ̀gbọ́n: hyung ni ọkùnrin ń pe ọkùnrin tó jù ú lọ, oppa sì ni obìnrin ń pè é. Sweden ni òdìkejì rẹ̀. Lọ́dún 1967, Bror Rexed, olórí iléeṣẹ́ ètò ìlera ìjọba níbẹ̀, kéde pé du, ìyẹn "ìwọ", lòun yóò máa pe gbogbo òṣìṣẹ́ òun. Lónìí, du ni wọ́n ń pe ọ̀gá àti ọmọṣẹ́. Ẹni tó bá dán an wò l'Ọ̀jọ́ á gbọ́ ti ẹnu aráyé!

Ká padà s'Ọ̀jọ́: ti ọjà Alábà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ti jẹ́ Igbo, ló ta kókó jù. Èdè Igbo kò ní "ẹ" fún àgbà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bá ọmọdé àti arúgbó sọ̀rọ̀. Inú orúkọ tí wọ́n ń peni ni ọ̀wọ̀ wà: lápá Ímò àti Ábíá, Dede ni ọkùnrin tó juni lọ, Daa sì ni obìnrin. Bí irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ bá wá gbọ́ Yorùbá díẹ̀, á ní, "Bàbá, kí lo fẹ́ rà?" Ojú oníbàárà á le koko: ta lò ń sọ "o" fún?

Ẹ̀yin oníbàárà Alábà, ẹ jọ̀ọ́, "Bàbá" tó fi bẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́. Ibẹ̀ ló kó ọ̀wọ̀ yín sí.