Ọ̀nà Ọbẹ̀ Gba Adégbayì Wọ Ìbàdàn

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, obìnrin, tó ń gbé ní Hamburg lórílẹ̀-èdè Jámánì, wá kí wa lẹ́yìn ọdún Àjíǹde. Ilé wa kò jìnnà sí ìkóríta Adégbayì. Lọ́jọ́ kejì tó dé, ó gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ bá mi wo àwọn ibi tí wọ́n kọ síbí. Ṣé ibẹ̀ ni oúnjẹ Ìbàdàn ti dùn jù?" Mo wò ó. Gbogbo ibi tí fóònù kà sílẹ̀ ló wà láàárín ìgboro. Kò sí ẹyọ kan ní apá ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ bí a ṣe jókòó yẹn, èéfín ẹni tó ń rokà lẹ́yìnkùlé ń gba ojú fèrèsé wọlé bá wa.

Mo bi í pé báwo ló ṣe rí oúnjẹ gidi ní Hamburg nígbà tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ó ní ọjà ẹja ni wọ́n júwe fún òun. Etí odò Elbe ni ọjà náà wà, wọ́n ti ń ná an láti ọdún 1703. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú nìkan ni, kí aago mẹ́wàá sì tó lù, ó ti tú. Obìnrin kan tó ń ta ẹja níbẹ̀ ló bi léèrè pé, "Ẹ̀yin fúnra yín, níbo lẹ ti ń jẹun?" Ibi tí obìnrin náà júwe ló lọ, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìlú.

Mo ní kó gbé fóònù sílẹ̀, ohun tó ṣe lọ́hùn-ún gan-an la máa ṣe níbí. Àlejò tó bá fẹ́ jẹun ire, kó wá ibi tí oúnjẹ ń gbà wọ ìlú, kó sì tẹ̀lé e wọlé. Ní apá ìlà-oòrùn Ìbàdàn, Adégbayì wà lára ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Orí ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́ ló wà, láàárín abúlé Ẹ̀gbẹ́dá àti ìgboro. Mọ́tò tó gbé iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀gẹ́ àti ewébẹ̀ láti oko, iwájú wa ni wọ́n ń gbà kọjá lọ sí ọjà.

Ó yẹ kí àlejò mọ bí ará Ìbàdàn ṣe ń gbé ayé kó tó wá oúnjẹ lọ. Láyé àtijọ́, ilé kan kì í tó o. Ó ní agbo ilé láàárín ìlú, ó tún ní abà lóko, ní Akínyẹlé, ní Lágelú, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Ọ̀nà-Àrà, á sì máa lọ, á máa bọ̀. Oríkì ìlú náà pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ pa mọ́. Nígbà tí ìlú àkọ́kọ́ tú, tí Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó, àti àwọn tó ṣẹ́kù sá gun orí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n rí jẹ, ìkarahun ìgbín ni wọ́n sì fi mu ẹ̀kọ. Títí dòní, orí ni ọmọ Ìbàdàn máa ń wú bí wọ́n bá fi èyí kì í.

A kò lọ jìnnà lọ́jọ́ kìíní. Ẹ̀yìnkùlé la lọ, lọ́dọ̀ ìyá tó ń rokà. Ó ti jọ èlùbọ́ rẹ̀, ó gbọn kọ́ńkọ́sọ̀ títí èyí tó kù lórí rẹ̀ fi dà bí iyanrìn odò, ó da ìyẹn sọ́tọ̀. Omi inú ìkòkò ń hó yaya. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó da èlùbọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó fi orógùn lu ú kíákíá kó má baà ní kókó. Ó bu omi gbígbóná lé e, ó dé e kó jinná, ó tún ṣí i, ó rò ó títí ojú rẹ̀ fi ń dán. Ọmọ náà béèrè pé, "Mọ̀mí, iṣu funfun ni èlùbọ́ ti wá, kí ló dé tí ọkà fi dúdú?" Ìyá ní, "Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, ọmọ mi. Jókòó, kó o jẹun ná."

Ìdáhùn sí ìbéèrè rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá bẹ iṣu tán, wọ́n á gé e, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi tó gbóná ṣùgbọ́n tí kò hó, wọ́n á fi í sínú omi náà mọ́jú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á sá a sóòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi le koránkorán. Ìyẹn ni gbòdo. Gbòdo tí wọ́n bá lọ̀ ló ń di èlùbọ́. Nínú iṣu tútù, èròjà kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní phenol, ẹ́ńsáìmù kan sì wà tó lè pa á láwọ̀ dà. Bí iṣu bá wà lódidi, àwọn méjèèjì kì í pàdé, yàrá ọ̀tọ̀ ni kálukú wà. Ọ̀bẹ ló ń wó ògiri àárín wọn, tí afẹ́fẹ́ á sì ráyè wọlé. Ohun kan náà ló ń mú kí ápù tí a gé sílẹ̀ pọ́n. Àwọ̀ yìí ni omi gbígbóná ń jẹ́ kó hàn dáadáa nígbà tí a bá ń ro èlùbọ́. Nítorí náà, dúdú ọkà kì í ṣe ẹ̀gbin rárá. Èyí tó bá funfun jù ni kí àlejò béèrè nípa rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi láfún, ìyẹn ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, lú u. Láfún náà dára láyè ara rẹ̀, àmọ́ ẹni tó sanwó èlùbọ́, èlùbọ́ ló yẹ kó jẹ.

Ewédú àti gbẹ̀gìrì ló ń bá a rìn. Àdàpọ̀ àwọn méjèèjì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata ni à ń pè ní àbùlà. Kàún tí wọ́n ń jù sí ewédú ní iṣẹ́ tó ń ṣe: òdìkejì ohun kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́ ni, ó ń tú ohun tó lẹ ara ewé pọ̀, ìjábẹ̀ á sì rí i lù, ewédú á máa yọ̀. Kì í sì í jẹ́ kí àwọ̀ ewé tètè ṣá. Ẹ̀wà gbẹ̀gìrì ní tirẹ̀, bíbó ni wọ́n ń bó o, kí wọ́n tó sè é di yíyọ́.

Nípa ibi tí èèyàn ti lè jẹun láìkọminú, ohun tí mo máa ń wò kò ju mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́ ni ooru. Ọ̀pọ̀ kòkòrò àìfojúrí tó ń da inú rú kì í yè nínú ọbẹ̀ tó ń hó. Inú oúnjẹ tó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí ló ti ń pọ̀ sí i. Èkejì ni àkókò. Ọ̀sán ni ọkà ń dùn jù, nígbà tí ìkòkò ń jáde lórí iná léraléra. Ẹni tó bá dé ní ìrọ̀lẹ́, àjẹkù ọ̀sán ló máa bá. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó jókòó níbẹ̀. Bí awakọ̀ takisí Máíkírà, bíríkìlà àti òṣìṣẹ́ ìjọba bá jọ to síwájú ìyá olóúnjẹ kan, ọ̀rọ̀ ti parí. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló sọ ibi kan ní Bódìjà, tí wọ́n ń pè ní Àmàlà Skye, di olókìkí. Orúkọ báńkì kan nítòsí ló mọ́ ọn lórí. Báńkì náà ti di Polaris láti ọdún 2018, àmàlà kò tíì pa tirẹ̀ dà.

Lọ́jọ́ kejì la lọ wo ìlú. Ní Hamburg, ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì Michaelis ni wọ́n máa ń mú àlejò gùn kó lè rí gbogbo ìlú. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní irínwó. Tiwa wà ní Òkè Ààrẹ, mẹ́tàdínláàádọ́ta péré ni àtẹ̀gùn rẹ̀. Bower's Tower ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, àwa ń pè é ní Láyípo, nítorí bí àtẹ̀gùn rẹ̀ ṣe ń yí po. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Robert Bower, òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ Rẹ́sídẹ́ǹtì ní Ìbàdàn láti 1893. Bower yìí kan náà ló yin àgbá lu Ọ̀yọ́ ní ọdún 1895, ó yẹ kí ẹni tó ń gun ilé ìrántí rẹ̀ mọ èyí. Láti òkè níbẹ̀, òrùlé páànù tó ti dípata tẹ́ lọ bíi pápá, kò lópin. Mo na ọwọ́ sí ìlà-oòrùn fún un: lọ́hùn-ún ni Adégbayì wà.

Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà lórí òkè tirẹ̀. Fún èmi, ìtàn àgbẹ̀ ló fún Màpó níyì jù. Ní oṣù Keje ọdún 1969, àwọn àgbẹ̀ Àgbẹ́kọ̀yà rọ́ wọ ìgboro láti àwọn abúlé, wọ́n kọjú sí Màpó. Owó orí ti ga, owó kòkó ti wálẹ̀, wọ́n sì ní òkè mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn lè san. Tàfá Adéoyè, ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, ará Akànrán ní Ọ̀nà-Àrà ni. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì tú àwọn èèyàn wọn sílẹ̀. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni pé ìjọba gbà láti dín owó orí kù.

Láti ibẹ̀, ẹ máa wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Ó ga ní mítà 105. Ọdún 1965 ni wọ́n kọ́ ọ tán, òun sì ni ilé tó ga jù ní Nàìjíríà nígbà náà. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe. Owó kòkó àti irè oko mìíràn ni wọ́n fi kọ́ ọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ ń pè é ní Ilé Àwọn Àgbẹ̀. Bí àwọn atọ́nisọ́nà bá ń sọ mítà 105 fún àlejò tí wọn kò sì dárúkọ àgbẹ̀, inú mi kì í dùn.

Kúdẹtì la gbà padà. Ibẹ̀ ni ará Jámánì kan, David Hinderer, ọmọ Schorndorf, tẹ̀dó sí pẹ̀lú Anna ìyàwó rẹ̀ ní 1853, tí wọ́n dá ìjọ àti ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ogun Ìjàyè dé ní 1860, tí ọ̀nà dí, ebi mú wọn gan-an débi pé wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn kí àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn lè jẹun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi dúró pẹ́ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì St. David tó wà níbẹ̀, kò sọ̀rọ̀.

Ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá gùn jù tiwa lọ, kó ya Akínyẹlé. IITA, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wà níbẹ̀ lọ́nà Ọ̀yọ́, iṣu àti ẹ̀gẹ́ wà lára ohun tí wọ́n ń ṣe ìwádìí lé lórí. Igbó wà nínú ọgbà wọn, ẹyẹ malimbe Ìbàdàn sì wà lára àwọn tó ń gbé ibẹ̀: ìbátan ẹ̀ga ni, ara rẹ̀ dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa bí ata rodo. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i ní gbogbo ayé, ó sì ti ń dínkù bí a ṣe ń gé igbó.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a dé Ọjà Ọba nísàlẹ̀ Màpó. Ìyá kan jókòó ti gbòdo rẹ̀, ó ń dì í sínú àpò. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó ra kóńgò méjì tó fẹ́ gbé lọ sí Hamburg. Nígbà tí ìyá ń fún un ní ṣéńjì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ̀yin fúnra yín, níbo lẹ ti ń jẹun bí ọjà bá tú?" Ìyá gbójú sókè wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó fa aṣọ bo ẹrù rẹ̀. "Ẹ máa bọ̀," ó ní, "ibẹ̀ náà ni mò ń lọ yìí."