Ilé Kékeré Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ Ṣírò Rẹ̀ Dé Orí Kọ́kọ́rọ́

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó ti kọ́lé ni ó tún ń wá yá owó láti fi kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀yìnkùlé, èyí tí a ń pè ní bọ́ìsì-kọ́tà. Òmíràn fẹ́ kí ìyá rẹ̀ máa gbé ibẹ̀, òmíràn fẹ́ gba ayálégbé sí i. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àdúgbò yín: mélòó nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ó dúró sí ojú fèrèsé, tí koríko ti hù sínú rẹ̀? Kì í ṣe pé ẹni tí ó ni ín kò ní owó rárá. Búlọ́ọ̀kù ni ó kà. Kò ka ohun tí ilé yóò jẹ kí ènìyàn tó lè sùn sínú rẹ̀.

Ohun tí ó rọrùn láti kà

Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 gùn ní ínṣì 18, ó sì ga ní ínṣì 9. Ògiri tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, yóò gba búlọ́ọ̀kù 96. Yàrá méjì tí ó fara kan ara wọn, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, ní irú ògiri bẹ́ẹ̀ 7, nítorí wọ́n jọ ni ti àárín ni. 7 lọ́nà 96 jẹ́ 672. Ẹ yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, kí ẹ wá fi ti ìpìlẹ̀ àti èyí tí yóò fọ́ kún un. Ní ti ilẹ̀ yàrá kan, bí a bá da kọnkéré tí ó nípọn ní ínṣì 4 sí i, tí a po ìwọ̀n sìmẹ́ńtì 1 mọ́ yanrìn 2 àti òkúta wẹ́wẹ́ 4, yóò gba bí àpò sìmẹ́ńtì 9.

Ohun tí a máa ń gbàgbé

1. Ìwé àṣẹ. Bí ilé ńlá bá tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ, ti ẹ̀yìnkùlé náà gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀. Ọ́fíìsì tí ń ṣètò ilé kíkọ́ ni yóò sọ iye àyè tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ odi. Bí wọ́n bá wó ilé tí kò ní àṣẹ, gbèsè rẹ̀ kò bá a wó.

2. Kòtò ilé ìgbẹ́. Ó dára kí ó jìnnà sí kànga tó ẹsẹ̀ bàtà 100, ìbáà jẹ́ kànga yín tàbí ti aládùúgbò. Lórí ilẹ̀ tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, tí ilé ti wà lórí rẹ̀, èyí kì í rọrùn. Ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó gbẹ́ ìpìlẹ̀.

3. Pákó, páànù, ilẹ̀kùn, fèrèsé, rírẹ́ ògiri, omi, iná, ọ̀dà, owó ọkọ̀ àti owó àwọn oníṣẹ́.

Kí ẹ pín iṣẹ́ náà sí mẹ́ta: èkíní, ìwé àṣẹ àti ìpìlẹ̀ títí dé ilẹ̀ kọnkéré, èkejì, ògiri pọ̀ mọ́ òrùlé, ẹ̀kẹta, ohun tí ó kù. Ẹ má ṣe ya òrùlé kúrò lára ògiri, nítorí òjò kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ béèrè iye ọjà lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta láàrín ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ẹ sì fi náírà 10 kún orí 100 kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó rántí oṣù kejì ọdún 2024, tí owó sìmẹ́ńtì fò sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn tí ń ṣe é jọ, tí wọ́n sì fẹnu kò sí ₦7,000 sí ₦8,000 fún àpò kan. Ẹni tí kò fi nǹkan kan lé e nígbà náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ibi tí ìṣirò ti máa ń ṣì

Ká ní gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́ ₦6,000,000. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní ₦2,000,000 nínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì máa ń yáni ní ìlọ́po méjì. Ó ní: "2 àti 4 jẹ́ 6, owó ti pé." Owó kò pé! ₦2,000,000 yẹn ni ó dúró fún gbèsè rẹ̀. Kò lè mú un jáde títí yóò fi san án tán. ₦4,000,000 péré ni yóò bọ́ sí i lọ́wọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ògiri ti ń dúró sí ojú fèrèsé.

Ó tún ní ayálégbé ni yóò san gbèsè náà. Bí yóò bá san ₦4,000,000 láàrín oṣù 24, yóò máa san nǹkan bí ₦166,700 lóṣooṣù, èlé kò sí nínú rẹ̀. Bí ayálégbé bá ń san ₦40,000 lóṣù, ₦126,700 ṣì kù tí yóò ti inú owó oṣù tàbí ọjà rẹ̀ wá. Kí ilé tó parí ńkọ́? Òun nìkan ni yóò máa san gbogbo rẹ̀. Bí kò bá rí i san, owó àwọn onídùúró rẹ̀ ni a ó dì mú, àwọn tí kò ní gbé inú ilé náà fún ọjọ́ kan.

Nítorí náà, kí ẹ tó gba fọ́ọ̀mù ẹ̀yáwó, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé: iye tí ìpín iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ, owó tí ẹ lè mú jáde, láìka èyí tí ẹgbẹ́ dì mú, àti iye tí ẹ lè san lóṣù bí ayálégbé kò tilẹ̀ sí. Ẹ mú un wá fún ìgbìmọ̀ ẹ̀yáwó, kí ẹ sì fi han àwọn onídùúró yín pẹ̀lú. Bí owó kò bá tó yàrá méjì, ẹ kọ́ yàrá kan pẹ̀lú ilé ìgbẹ́ rẹ̀, kí ẹ parí rẹ̀, kí ẹ tì í ní kọ́kọ́rọ́. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Yàrá kan tí ìyá ẹni lè sùn sí sàn ju mẹ́rin tí ewúrẹ́ ń sùn sí lọ.